Omi Kẹta

Ìgbà kẹrin rèé tí ìyún náà ń lọ tí ó tún ń bọ̀. Bàbá Funfun dúró nídìí tábìlì tí ó ti ń lọ aṣọ, áyọ́ọ̀nù gbígbóná wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan wà lábẹ́ ọwọ́ òsì, ó sì di itan méjèèjì pọ̀ bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Kì í ṣe ìtọ̀. Ibi tí ó ń yún un jẹ́ ibi tí àgbàlagbà kì í fọwọ́ kàn ní gbangba, gíláàsì sì ni iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lójú pópó ń rí i bí ẹni ń rí ẹja nínú ìgò. Ó fi áyọ́ọ̀nù lélẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìn àwọn aṣọ tí ó gbé kọ́, ó ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe, ó sì padà wá bí ẹni tó lọ wá bọ́tìnì.

Alágbàfọ̀ ni. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló ti ń fọ aṣọ aláṣọ, tí ó ń lọ̀ ọ́, tí ó ń ká a. Orúkọ tí àwọn oníbàárà fún un kò ṣẹ̀yìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: aṣọ funfun tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, eṣinṣin á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó bà lé e. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń dúró nídìí káńtà. Oṣù mọ́kànlá rèé tí obìnrin náà ti kú. Àìsàn ọkàn ni, kò sì pẹ́. Ó mú un ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó parí rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Bàbá Funfun kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bí oníbàárà kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú ara fẹ́ra kù, yóò na ìwé pélébé tí wọ́n fi ń gba aṣọ sí i, yóò ní, "Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ wá."

Oṣù kejì lẹ́yìn ìsìnkú ni ìyún náà kọ́kọ́ dé. Orí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ pọ́n, ó bó, ó sì mú abẹ́ itan méjèèjì mọ́ ọn. Bí ó bá tọ̀, a máa ta á bí ẹni fọ́n ata sójú egbò. Ó wá ṣe ohun tí alágbàfọ̀ máa ń ṣe sí àbàwọ́n: ó wá ọṣẹ tó le sí i. Nígbà tí ìyẹn kò tó, ó da oògùn apakòkòrò sínú omi ìwẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó sì fi kànìnkànìn gbo ibẹ̀. Ó ra ìpara kan lọ́wọ́ olóògùn, ó fi pa á fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyún náà rọlẹ̀, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Kò tó oṣù méjì tí àlejò tí kò kí ni ó dàábọ̀ tún fi wọlé.

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì òpópónà jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí irun orí àwọn méjèèjì ti dúdú. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà, Bàbá Funfun a lọ jókòó sórí àga rẹ̀ kó bá a fá irùngbọ̀n. Ọkùnrin yìí, ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé irun nìkan kọ́ ló ń fá, ó ń fá etí mọ́ ọn. Ó ti fi ọṣẹ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tán kó tó ṣàkíyèsí.

"Kí ló dé tí o ń jókòó bí ẹni tó jókòó lé èèrà?"

"Ìsàlẹ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu."

"Ìsàlẹ̀ wo? Ìsàlẹ̀ ilé?"

"Ìsàlẹ̀ ara. Ó ń yún mi, ó ń bó. Mo tọ́jú ẹ̀, ó lọ, ó tún dé."

Onígbàjámọ̀ gbé abẹ fẹ́lẹ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀. "Ibẹ̀ gan-an?"

"Ibẹ̀ gan-an."

"Ohun tó bá ṣe ọkùnrin níbẹ̀, obìnrin ló ń gbé e wá. Wo ibi tí o tẹsẹ̀ bọ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ọkùnrin tí ìyàwó ẹ̀ kú, àwọn kan máa ń ṣọ́ ọ bí ẹní ṣọ́ bọ́ọ̀sì."

"Mi ò tẹsẹ̀ bọ ibì kankan. Láti ọdún méjìdínlógójì, ìyá àwọn ọmọ nìkan ni mo mọ̀."

Onígbàjámọ̀ nu abẹ náà mọ́ táwẹ́ẹ̀lì, ó tún un nù, ó wo ògiri. "Jẹ́ kí n parí irùngbọ̀n yìí," ni ó sọ níkẹyìn, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́ títí ó fi bu omi sí i lójú. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bí ó bá ṣàdédé dákẹ́, ó ti rí nǹkan lọ́bẹ̀ kó tó wa aro ọwọ́. Bàbá Funfun sọdá padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìdákẹ́ náà sì bá a sọdá.

Láti ọjọ́ náà ni ìṣirò kan ti wọ̀ ọ́ lórí. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ló ń gbé irú nǹkan yìí wá, tó sì jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo ni òun mọ̀, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ obìnrin náà ló ti wá. Ọ̀dọ̀ ta ni òun náà ti rí i? Odidi ọdún mẹ́rìnlélógún ni ìyàwó rẹ̀ fi lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ orin ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kò bi í rí pé ta ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Nísinsìnyí ó ń bi í, ẹni tí yóò dáhùn kò sì sí láyé mọ́. Ojú ń tì í pé ó ń ro èrò náà. Síbẹ̀, ó ń rò ó.

Àárín ìrònú yìí ni ọmọ rẹ̀ obìnrin pè é lórí fóònù.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹni tó ń gbẹ́ òkúta sàréè ń dúró dè yín. Ó ti kọ orúkọ àti ọjọ́. Ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ló kù."

"Kí lẹ ní kó kọ?"

"Bá a ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn náà ni. 'Aya olóòótọ́, ìyá rere.' Ẹ kàn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, á bẹ̀rẹ̀."

Bàbá Funfun wo àwọn kóòtù tó so rọ̀ níwájú rẹ̀ nínú ọ̀rá. "Jẹ́ kó dúró ná."

"Ṣé ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ fẹ́ ni?"

"Mo ní jẹ́ kó dúró."

Ọmọ náà ní ó dàbọ̀. Irọ́ kò sí lára ohun tí Bàbá Funfun fi ń ṣeré. Kò lè jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan sára òkúta tí kò dá òun fúnra rẹ̀ lójú. Kò sì lè sọ fún ọmọ pé òun ń ṣiyèméjì nípa ọ̀rọ̀ yìí, kí ọmọ wá bi í pé kí ló fà á. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀, kó bi wọ́n ibi tí ìyún náà ti wá.

Ilé ìwòsàn kò jìnnà. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó lè jẹ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba orúkọ, èèyàn mẹ́sàn-án sì tò sẹ́yìn Bàbá Funfun, méjì nínú wọn jẹ́ oníbàárà rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Kí ló ń ṣe yín?"

"Ìsàlẹ̀ ni."

"Ìsàlẹ̀ ibo, Bàbá?"

"Ìsàlẹ̀ náà ni, ọmọ mi. Ó ń yún mi, ó ń bó."

Ọmọbìnrin náà na ọrùn sórí tábìlì, ó wo sáńdà àtijọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ Bàbá, ó rí gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. "Ó ti yé mi," ló wí, ó sì kọ ọ́ sínú káàdì.

Dókítà tó wà lórí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìwé. "Ẹ bọ́ bàtà yín, Bàbá." Bàbá Funfun bọ́ bàtà. Ó rò pé bóyá láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Alágbàfọ̀ náà a máa yẹ etí aṣọ wò kó tó dé ọrùn. Dókítà ya àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó wo àárín wọn, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, mo ti rí i." Ó kọ oògùn fún un. "Ẹ máa fi pa ibi tó ń yún yín láàárọ̀ àti lálẹ́."

Bàbá Funfun la ẹnu láti béèrè ohun tó bá wá. Ẹni tó kàn ti kanlẹ̀kùn. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó dúpẹ́, ó jáde.

Ìpara náà wà nínú agolo kékeré kan. Dókítà ní kó fi pa ibi tó ń yún un. Ó sì mọ ibi tó ń yún òun. Ó wẹ̀ tán, ó fi pa á dáadáa, kò ṣahun. Kí ó tó ka ogún, ó ti padà sínú ilé ìwẹ̀, ó sì ń da omi lura, ike kan tẹ̀ lé òmíràn, ẹnu dídì pinpin. Ìgbà tó lè dúró ni ó mú awò ojú rẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ agolo náà: fún ẹsẹ̀ nìkan.

Ní ọjọ́ kejì, ó padà síbẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tó gbé ìgò sáàárín itan. Ọmọbìnrin àná tún ni ó bá.

"Bàbá, ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

Ó mú ìwé pélébé kan láti inú àpò, irú èyí tó fi ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, ó sì nà án sí i. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ilé pẹ̀lú ọwọ́ tó gún régé: *Nǹkan ọkùnrin. Ó ń yún, ó ń bó. Ìgbà kẹrin. Kì í ṣe ẹsẹ̀.* Ó ká a sí mẹ́rin, etí rẹ̀ bá ara mu bí ańkáṣíìfù tí wọ́n lọ̀.

Ọmọbìnrin náà kà á. Kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láná."

"Bí mo ṣe sọ fún ẹ náà nìyẹn."

Obìnrin ni dókítà ọjọ́ náà, ó tó ẹni àádọ́ta ọdún. Bí Bàbá Funfun ṣe rí i, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀kùn.

"Ẹ wọlé, Bàbá. Tó bá jẹ́ ọkùnrin lẹ fẹ́ kó wò yín, ọ̀la ni yóò wá. Ṣé ó lè dúró dọ̀la?"

Kò lè dúró dọ̀la. Ó wọlé.

Dókítà wọ ìbọ̀wọ́, ó fa iná tábìlì súnmọ́, ó wò ó bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń wo aṣọ tí wọ́n bá gbé wá pẹ̀lú àbàwọ́n: kò yára, kò sì fajú ro. Ó fi òwú díẹ̀ nu ibẹ̀, ó fi pamọ́ sínú ìgò, ó ní kó tọ̀ sínú ife, ó gún un níka, ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí Bàbá Funfun ti so bẹ́líìtì rẹ̀ padà, ó jókòó, ó sì na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọnrangandan.

"Ìbéèrè kan ni mo bá wá, Dókítà. Ṣé obìnrin ló gbé e wá?"

"Obìnrin wo?"

"Ìyàwó mi. Ó ti kú."

Dókítà fi bírò lélẹ̀. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ṣé òun nìkan ni?"

"Òun nìkan ni."

"Ìgbà wo ni ìyún yìí bẹ̀rẹ̀?"

"Oṣù kejì tí a sin ín."

"Kò ṣe yín nígbà tó wà láyé?"

Ó rò ó. "Rárá."

"Àwọn àrùn kan wà tó ń bá ìbálòpọ̀ wá, mi ò ní parọ́ fún yín. Ohun tí mo rí yìí kò jọ wọ́n. Mo máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà náà máa ń fà á lára àwọn àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ṣúgà yín wà níwọ̀n." Ó fi ìwé tínrín tó ti rì sínú ìtọ̀ hàn án. "Kí lẹ fi ń wẹ ibẹ̀?"

Bàbá Funfun kà á fún un: ọṣẹ ìfọṣọ, oògùn apakòkòrò, kànìnkànìn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta bó bá ń yún gan-an. Dókítà gbọ́ ọ títí dé òpin láìgé e lẹ́nu.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, Bàbá?"

"Alágbàfọ̀ ni mí."

"Tí wọ́n bá gbé aṣọ sílíìkì wá fún yín, báwo lẹ ṣe ń fọ̀ ọ́?"

Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà tí wọ́n bi í ní ohun tó mọ̀. "Omi tútù. A kì í fi ọṣẹ líle kàn án. A kì í gbo ó, a kì í fún un. Àárín táwẹ́ẹ̀lì la ó tẹ́ ẹ sí, a ó rọra tẹ̀ ẹ́, omi á kúrò lára ẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò fi ọṣẹ líle kàn án?"

"Fọ́nrán ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Tí ọṣẹ bá ti jẹ ẹ́, kò sí ohun tí a ó ṣe sí i mọ́."

"Tóò," ni dókítà wí. "Awọ ibẹ̀ ni sílíìkì ara. Ẹ wá ń fọ̀ ọ́ bíi kúbùsù."

Ẹnu Bàbá Funfun yẹ̀ díẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dára.

"Àwọ̀tẹ́lẹ̀ yín ńkọ́? Ta ló ń fọ̀ ọ́?"

"Èmi náà ni, ní ṣọ́ọ̀bù. Ọṣẹ iṣẹ́ àti omi tí ń sọ aṣọ di funfun."

"Omi mélòó lẹ fi ń ṣan án?"

"Méjì. Méjì ni òfin iṣẹ́ wa."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kúrò lẹ́nu rẹ̀ ni ó gbọ́ ohùn tí kò sí nínú yàrá náà.

Ọdún àkọ́kọ́ ìgbéyàwó wọn ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá iṣẹ́ ṣe, ó ń fi ọṣẹ iṣẹ́ fọ gbogbo nǹkan, ìyún kan sì mú un. Ó mú un dáadáa, ó bó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò lè jókòó. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ púpọ̀. Ó kó gbogbo àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi omi méjì ṣan án, ó sì ń da òmíràn sí i. Ọkọ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Omi kẹta? Ta ni alágbàfọ̀ nínú àwa méjèèjì?" Obìnrin náà kò gbójú sókè kúrò nínú bàsíà. "Ìwọ ni alágbàfọ̀ aráyé. Èmi ni alágbàfọ̀ tìẹ." Ìyún náà lọ, kò sì padà wá fún ọdún mẹ́tàdínlógójì, omi kẹta náà kò sì dúró. Bàbá Funfun ló gbàgbé. Ohun tí kò bá yún èèyàn, ta ló ń rántí rẹ̀?

"Ìyá àwọn ọmọ," ni ó wí. "Òun ló máa ń fi omi mẹ́ta ṣan án."

Dókítà tún mú bírò rẹ̀. "Ẹ ti rí ìdáhùn ìbéèrè yín, Bàbá. Ọṣẹ tó ń ṣẹ́ kù lára àwọ̀tẹ́lẹ̀ yín wà lára ohun tó ń jẹ awọ ibẹ̀. Ìgbà tí ó wà kọ́ ni ìyún dé. Ìgbà tí kò sí mọ́ ni."

Ó wá kọ ìtọ́jú sílẹ̀, ó sì ń ṣàlàyé bó ṣe ń kọ ọ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lásán ni kó máa fi wẹ ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, láìsí ọṣẹ, láìsí apakòkòrò. Kó máa rọra tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kó má gbo ó. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ òwú tí kò fún mọ́ ara ni kó máa wọ̀, kó sì pààrọ̀ èyí tí òógùn áyọ́ọ̀nù bá ti rin. Ìpara yìí, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. "Ìyún á lọ lọ́jọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Ẹ má tìtorí ẹ̀ dúró. Ìdádúró yẹn wà lára ohun tó ń dá a padà. Tí ó bá parí tó tún yọjú, tàbí tí ẹ rí egbò, tàbí kókó, tàbí ohun tó ń ṣàn, ẹ padà wá bá mi. Ẹ má lọ sọ́dọ̀ olóògùn."

"Mo gbọ́."

"Ẹ sì sọ orúkọ ibẹ̀ fún ọmọ tó wà níta."

"Mo ti kọ ọ́ fún un."

Kò lọ sílé. Ó gba ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ tààrà. Ọkùnrin náà ń gbá irun ilẹ̀, kò sí oníbàárà kankan. Bàbá Funfun dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Lọ́jọ́ tí mo sọ fún ẹ pé ìyá àwọn ọmọ nìkan ni mo mọ̀, o dákẹ́. Kí lo mọ̀ nípa ẹ̀?"

"Nípa ta ni?"

"Má fi mí ṣeré. Nípa ìyàwó mi."

Onígbàjámọ̀ gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, ohun tí Bàbá Funfun kò rí i kó ṣe rí. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ tí kò dára. Ta ló mọ̀ ọ́n? Tara mi ni mo ń rò tí mo fi dákẹ́."

"Tara rẹ báwo?"

"Ọdún kejì rèé tí ibẹ̀ ń yún èmi náà. Mo fi spírìtì pa á."

"Spírìtì? Síbẹ̀?"

"Irùngbọ̀n ń gbọ́ ti spírìtì. Mo rò pé ibẹ̀ náà á gbọ́." Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Mi ò tẹsẹ̀ bọ ibì kankan, ni mo bá ní ìyàwó mi ni. Mi ò bi í. Mo kàn kó ìrọ̀rí mi lọ sí pálọ̀. Ọdún kan rèé tí mo ti ń sùn síbẹ̀. Ìwọ wá jókòó síbí, o ní ó ń ṣe ìwọ náà. Mo mọ ìwà ìyàwó ẹ bí mo ṣe mọ òógùn ara mi. Tó bá lè ṣe ìwọ, a jẹ́ pé mo ti fi ìyà jẹ obìnrin kan lásán. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn, tí abẹ wà lọ́wọ́ mi?"

Bọ́ọ̀sì kan kọjá, gíláàsì ṣọ́ọ̀bù sì gbọ̀n.

"Èrò tí o rò sí tìẹ yẹn," ni Bàbá Funfun sọ níkẹyìn, "èmi náà rò ó sí tèmi. Tìẹ ṣì wà nílé. Lọ bẹ̀ ẹ́." Ó mú ìwé tí dókítà kọ jáde, ó ka orúkọ rẹ̀ fún un, ó sì ka ọjọ́ tó máa ń wà níbẹ̀. "Bí o bá débẹ̀, má ṣe sọ pé ìsàlẹ̀ ni o. Wọ́n á ní kí o bọ́ bàtà."

Láti inú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ló ti pe ọmọ rẹ̀. Ó ní kó sọ fún ọkùnrin olókùúta náà kó kọ ọ́.

"Bó ṣe wà náà, Bàbá? 'Aya olóòótọ́, ìyá rere'?"

"Bó ṣe wà náà. Kó gbẹ́ ẹ jìn."

"Kí ló wá dá yín dúró látọjọ́ yìí?"

"Iṣẹ́ ni," ló wí, nítorí kò sí ọ̀nà tí bàbá lè gbà sọ ìyókù.

Ìyún náà lọ ní ọjọ́ karùn-ún. Ó fi ìpara pa á títí di ọjọ́ kẹrìnlá, ó ń sàmì sí kàlẹ́ńdà lójoojúmọ́ bí ó ṣe máa ń sàmì sí aṣọ. Kò gbé àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló ń fọ̀ ọ́ nílé, nínú bàsíà obìnrin náà, pẹ̀lú ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́. Omi kìíní máa ń funfun bíi mílíìkì. Ìkejì máa ń mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí alágbàfọ̀ èyíkéyìí yóò fi sọ pé ó tó. Ó da á nù. Ó gbé bàsíà padà sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó sì dúró tì í títí ó fi kún.